Ìbọn Ìléwọ́ Tí Kì Í Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Láàárọ̀

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí wọ́n fi ìbọn lé mi lọ́wọ́ ní Kàbà. Kí ẹni tó ń kà á má fòyà. Kì í ṣe ìbọn ogun, kì í sì í ṣe ti ọdẹ. Ìbọn ìléwọ́ kékeré kan ni, èyí tí a ń yìn sókè kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè mọ̀ pé ó yá, kí wọ́n máa sáré. Kò sí ọta nínú kátíríìjì rẹ̀. Ẹ̀tù àti ariwo nìkan ló wà níbẹ̀. Kò lè pa eṣinṣin, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iyì mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ti ọ̀gá mi mọ́ ọn.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí ilẹ̀ wa gba òmìnira. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé ìjọ kan. Lọ́dọọdún, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìsinmi Kérésìmesì, ilé-ìwé mẹ́rin máa ń pàdé láti fi eré ìje díje: tiwa, ọ̀kan láti Iffe, ọ̀kan láti Ponyan, àti ọ̀kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ìdíje náà ti ń wáyé láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti lè rántí, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ogún baba wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, ẹni tó ku ọdún kan péré kí ó fẹ̀yìn tì, ti ń bẹ alábòójútó àwọn ilé-ìwé láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí ó gbé eré náà wá sí Kàbà. Lọ́dún yẹn, alábòójútó gbà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn sí i.

Ó ní, “Ọdún kan ni mo fún yín. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀ lásìkò, tí ó sì parí kí oòrùn tó mú, ọ̀dọ̀ yín ni yóò máa wà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò padà síbi tí ó ti wá.”

Ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ náà fún wa nínú ìpàdé àwa olùkọ́. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó tún bọ́ ọ. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti kọ́ ilé-ìwé yìí láti orí ilé koríko. Nǹkan kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ kí n tó lọ sí oko mi. Ẹ má jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wa.” A kàn ń wo ilẹ̀.

Ohun tí ó máa ń ba eré náà jẹ́ níbi tí ó ti wá ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ kan ló ń yin ṣakabùlà fún wọn. Bí ó bá yìn ín tán, èéfín á bo gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, a kò ní mọ ẹni tó sáré àti ẹni tó sá. Lẹ́yìn náà, bàbá ọdẹ á jókòó, á da ẹ̀tù, á ki àkísà, á fi ọ̀pá gún un, á sinmi díẹ̀, á béèrè omi. Àwọn ọmọ á máa jẹ ẹ̀pà lórí ìlà. Mo fi ojú mi rí ọmọ kan tó sùn lọ láàárín eré kejì àti ẹ̀kẹta.

Ọ̀gá wa wá pinnu pé ní Kàbà, ẹnikẹ́ni kò ní dúró de ẹ̀tù. Ó kọ̀wé sí Ìlú Òyìnbó, wọ́n sì fi ìbọn ìléwọ́ tuntun kan ránṣẹ́ sí i. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò ní mọ ìyà tó jẹ mí. Àpótí ọta pẹlẹbẹ kan wà tí a ń tì bọ inú ìdí rẹ̀. Kátíríìjì mẹ́fà ló ń gbà, sípíríǹgì kan sì wà nísàlẹ̀ wọn tó ń tì wọ́n sókè. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ la ó fi fa ìdérí irin tó wà lórí rẹ̀ sẹ́yìn, kí kátíríìjì kan lè wọ ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di tirẹ̀. Bí ó bá ti dún, agbára ẹ̀tù á ti ìdérí náà sẹ́yìn, á tu èèpo òfìfo dànù sí apá ọ̀tún, sípíríǹgì á dá ìdérí padà, á sì gbé kátíríìjì mìíràn wọlé. Ó ń tu èèpo, ó ń bu òkèlè, gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èrò ọ̀gá ni pé a ó sá eré mẹ́fà kí bàbá ọdẹ tó rí àkísà rẹ̀.

Èmi ni ọ̀gá fi í lé lọ́wọ́. Ìdí tó sọ ni pé ìwé orúkọ kíláàsì mi nìkan ni yíńkì kì í kán sí. Èyí kò dùn mọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ kíláàsì kẹta nínú. Ọmọ Igbaruku ni, aláwàdà gidi, fèrè rẹ̀ la sì ti ń fi bẹ̀rẹ̀ eré ìdánrawò ilé-ìwé wa láti ọdún mẹ́ta. Ó fi fèrè náà kọ́ ọrùn, ó ní òun kò ní bọ́ ọ. Ó ní, “Tíṣà, òyìnbó tó ṣe ìbọn yẹn kò mọ̀ ọ́. Fèrè mi mọ̀ mí.”

Ìwé kékeré kan bá ìbọn náà wá, a tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà wínníwínní. Ọ̀gá ka ìlà àkọ́kọ́, ó mi orí, ó ká a, ó sì tì í mọ́ inú àpótí irin pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ ilé-ìwé. Ó ní, “Ìwé pàtàkì ni. Kò gbọdọ̀ dọ̀tí.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nígbà náà. Ìwé tó bá ti òkè òkun wá, a kì í lò ó, ńṣe la ń tọ́jú rẹ̀.

Mo gbé ìbọn lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láti fi han bàbá mi. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó sì tún ń dẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó gbà á, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó gbóòórùn rẹ̀.

Ó ní, “Okun o, ìbọn.” Ó kí i bí a ṣe ń kí ènìyàn ní ilẹ̀ wa. Ó wá yíjú sí mi: “Ebi ń pa á.”

Mo ní, “Baba, kátíríìjì wà.”

“Mi ò sọ ti kátíríìjì. Awọ ara rẹ̀ ni mò ń wò. Ó gbẹ. Irin tí a kò bá fún ní òrí, ìpẹtà á fún un ní tirẹ̀.” Ó nawọ́ mú igbá òrí rẹ̀, èyí tó fi ń pa àdá, tó fi ń pa ìbọn, tó sì fi ń pa orúnkún ara rẹ̀. Ó bu ún, ó fi ra ìbọn mi láti ẹnu dé ìdí. Ó ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí a bá ní kí n ṣe nǹkan ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, n kò ní pa á jẹ. Aago márùn-ún bá ti lù, mo ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Mo pa òrí sí ara rẹ̀, mo pa á sí inú rẹ̀, mo pa á sí abẹ́ ìdérí, mo pa á sí ara sípíríǹgì, mo tún fi ìyẹ́ adìẹ tì í bọ kọ̀rọ̀ tí ìka mi kò dé. Ìyá tó ń fi òrí pa ọmọ tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ ní sùúrù tó mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń dánrawò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìbọn yẹn kò sì kùnà lẹ́ẹ̀kan. Pá, pá, pá! Èèpo ń fò sí ọ̀tún, àwọn ọmọ ń sáré, ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fèrè rẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀wù.

Nígbà tó yá, ọyẹ́ dé. Ẹ mọ ọyẹ́ Kàbà, bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí ètè ń là, tí ẹsẹ̀ ń sán. Ọ̀gá ní nígbà tó jẹ́ pé àárọ̀ ni eré gan-an yóò bẹ̀rẹ̀, kí a gbé ìdánrawò sí aago méje àárọ̀ kí ara àwọn ọmọ lè mọ òtútù. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo yìn ín. Pá! Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì tẹ̀ba. Mo fi ìka fà á. Kò sí nǹkan. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó. Èèpo tó yẹ kí ó ti fò dànù wà lóòró lẹ́nu ihò tó ń gbà jáde, ìdérí sì há a mọ́, bí ìkòkò tábà lẹ́nu àgbàlagbà. Mo fi ọwọ́ tu ú kúrò. Mo tún fà á. Lọ́tẹ̀ yìí èèpo jáde, ṣùgbọ́n kátíríìjì tuntun kò gòkè wá. Ó jókòó sínú àpótí ọta rẹ̀ bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé-ìwé.

Ọ̀gá wò ó, ó ní ẹ̀tù ló gbòtútù. Ó kó kátíríìjì jọ, ó tẹ́ wọn sínú àwo, ó gbé wọn sórí àpótí níwájú ilé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata tí ìyàwó rẹ̀ ń sá. Ibẹ̀ la wà nígbà tí adìẹ kan kọjá, ó wo àwo ata, ó wo àwo kátíríìjì, ó sì mú èyí tó ń dán. Mo rí ọ̀gá mi, ẹni ọ̀wọ̀, ẹni tí kì í rìn kíákíá rárá, tí ó ń sá tẹ̀ lé adìẹ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Ìyàwó rẹ̀ ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà: “Bàbá, ẹ rọra o! Bí ó bá gbé e mì ńkọ́? Ta ni yóò dúmbú rẹ̀?”

Adìẹ náà fi í sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, tí kátíríìjì ti gbóná dáadáa, mo yìn ín. Mẹ́fà nínú mẹ́fà. Inú ọ̀gá dùn. Ní ìjọsìn àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kéde fún gbogbo ilé-ìwé pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti borí, ó sì ní kí n yìn ín kí wọ́n lè rí i. Ẹyọ kan ló dún. Èèpo rẹ̀ tún dúró lóòró. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́.

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Gbọ́, ọ̀rẹ́. Kì í ṣe ẹ̀tù. Ọwọ́ rẹ ni. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ìbọn fẹ́ ọwọ́ tó le, kí ìdérí rẹ̀ lè rí nǹkan tì.” Ní òótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ó gbà á lọ́wọ́ mi nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jìjàkadì, ó yìn ín. Mẹ́fà nínú mẹ́fà! Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìbọn, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. “O rí i? Ó mọ ọkùnrin.” Láti ọjọ́ náà ni àwọn olùkọ́ ti ń bọ̀ mí lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ní kí wọ́n má baà ṣẹ́ ẹ.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí olùkọ́ ṣe. Mo la ìwé kan, mo fa ìlà sí i, mo ń kọ gbogbo ìgbà tí ìbọn bá gbà àti ìgbà tí ó bá kọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, mo ka ìwé náà. Àárọ̀: ó kọ̀. Ọ̀sán: ó gbà. Àárọ̀: ó kọ̀. Ọ̀sán: ó gbà. Òótọ́ wà níwájú mi, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi, olùkọ́ ìṣirò, rí fà yọ nínú rẹ̀: mo ní ebi ló ń pa mí láàárọ̀, òun ló fà á tí ọwọ́ mi fi ń rọ̀.

Mo bẹ ìyá mi pé kí wọ́n gúnyán fún mi ní aago mẹ́fà àárọ̀.

“Iyán ní ìdájí?” ìyá mi béèrè. “Ṣé ebè lo fẹ́ lọ kọ ni?”

“Rárá, Ìyá. Ìbọn ni.”

Wọ́n wò mí títí. “Ìbọn ló ń bá ọ jà, ikùn lo ń bẹ̀.” Ṣùgbọ́n wọ́n gún un. Mo jẹ ẹ́ tán. Ìbọn kọ̀ bí ó ti ń kọ̀, èmi sì sùn lọ nínú ẹ̀kọ́ ìsọdipúpọ̀, níwájú ọmọ ogójì.

Nígbà yìí kátíríìjì ti ń tán lọ. Ọ̀gá ka èyí tó kù, ó ní a kò gbọdọ̀ dán an wò mọ́, kí eré gan-an má baà ṣaláìní. Mo tọ bàbá mi lọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní òrí tí mò ń fún ìbọn náà kò tó. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ eré, mo pa òrí sí ìbọn náà débi tí ó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ pé. Ọkọ̀ akẹ́rù kó àwọn ọmọ Iffe dé, ó kó àwọn ti Ponyan dé, wọ́n ń kọrin, ẹnu wọn ń rú èéfín nínú ọyẹ́. Alábòójútó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé tí eré ti kúrò lọ́dọ̀ wọn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ bora dé ọrùn, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ojú ẹni tó gbọ́ pé ọbẹ̀ jóná nílé orogún.

Ní aago mẹ́jọ gééré mo gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ dúró sí àyè yín! Ẹ múra!” Pá! Eré àkọ́kọ́ lọ. Mo gbàdúrà. “Ẹ dúró sí àyè yín! Ẹ múra!” Mo fà á. Ó dákẹ́. Àwọn ọmọ tẹ̀ba, ìdí wọn wà lókè, wọ́n ń dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òmíràn ṣubú síwájú, ó sì mú àwọn méjì lọ.

Ọ̀gá tó fi aṣọ bora yẹn pariwo láti abẹ́ igi: “Tíṣà, kí ló dé? Ṣé ìbọn yín ń jẹun lọ́wọ́ ni?” Nígbà tí mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n rí èèpo tó yọ lẹ́nu rẹ̀, ó fi kún un pé, “Ẹ fún un lómi o! Ó ti há a lọ́fun!”

Ẹ̀rín sọ. Mo tu èèpo, mo fa ìdérí, mo yìn ín. Eré kejì lọ. Ní ẹ̀kẹta, kátíríìjì kò gòkè. Ní ẹ̀kẹrin, ìdérí lọ sẹ́yìn, kò padà mọ́, àfi ìgbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Ọ̀rẹ́ mi wá dúró tì mí, fèrè ti wà láàárín eyín rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fèrè: “Ọ̀rẹ́, ṣé kí n fọn ọ́n?” Lọ́tẹ̀ yìí kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú mi ń ṣe é, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Alábòójútó ránṣẹ́ pe ọ̀gá wa. Mo ń gbọ́ ọ. “Ìdajì wákàtí ti lọ. Eré mẹ́rin. Bí nǹkan bá ń lọ báyìí, n ó kọ ohun tí mo rí sílẹ̀.” Ọ̀gá mi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Kò nù ún. Ó kàn dì í mú.

Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ń rìn lọ ṣáá, ẹsẹ̀ mi sì gbé mi dé ẹ̀yìn kíláàsì, níbi tí ìyàwó ọ̀gá ti ń dáná oúnjẹ àlejò. Àwọn ọmọ bíi mẹ́ta tí ẹsẹ̀ wọn sán jókòó tì í, ó fẹ́ fi òrí pa á fún wọn. Ó fi ìka bu òrí nínú igbá, kò bù. Ó fi ṣíbí gbẹ́ ẹ, ṣíbí tẹ̀.

Ó ní, “Ọyẹ́ yìí mà le o. Ẹ wo òrí, ó dì bí òkúta.” Ó gbé igbá náà sún mọ́ iná, òrí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi.

Mo wo igbá. Mo wo ìbọn. Mo rántí ìyẹ́ adìẹ àti gbogbo kọ̀rọ̀ tí mo fi òrí kún. Àárọ̀: ó kọ̀. Ọ̀sán: ó gbà. Kì í ṣe ẹ̀tù, kì í ṣe ọwọ́ mi, kì í ṣe iyán. Èmi fúnra mi ni mo fi òrí dí ìbọn lọ́fun ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, tí ọyẹ́ sì ń dì í pa kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó ti ń kọ̀ sí i ni mo ń fún un sí i.

Ẹ má ka apá tó tẹ̀ lé e yìí bí àwàdà. Mo kọ́kọ́ yọ àpótí ọta kúrò, mo kó kátíríìjì sí àpò, mo fa ìdérí sẹ́yìn, mo wo ọ̀fun ìbọn náà lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì nà án sí ẹ̀gbẹ́ iná.

Ìyàwó ọ̀gá kígbe, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ sá. “Tíṣà! Ẹ jọ̀ọ́! Ìbọn lẹ fẹ́ yan jẹ?”

“Ẹ má bẹ̀rù, Màmá. Òtútù ló ń mú un.”

“Òtútù ń mú ìbọn! Ẹ gbà mí o, tíṣà yìí ti ya wèrè.”

Òrí ń kán tótó sínú eérú. Mo fi áńkáṣíìfù mi funfun nu ohun tí mo lè nù, mo nu àpótí ọta náà, mo kó kátíríìjì padà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn díẹ̀ láti ibi iná dé orí ìlà, ọyẹ́ sì ń fẹ́. Mo ti ìbọn òfìfo náà bọ abẹ́ ẹ̀wù, mo fi abíyá mú un. Àpótí ọta wà lápò mi. Bí mo ṣe padà sórí pápá nìyẹn, apá kan lẹ̀ mọ́ ara.

Eré karùn-ún: mo yọ ọ́ ní abíyá, mo ti àpótí ọta bọ̀ ọ́, mo fa ìdérí, mo yìn ín. Pá! Èèpo fò bí tata. Ẹ̀kẹfà, pá! Ẹ̀keje, pá! Bí ìsinmi bá wà láàárín, mo yọ àpótí ọta àti kátíríìjì tó wà lọ́fun rẹ̀, mo dá a padà sí abíyá. Àwọn ọmọ Ponyan bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèpo tó ń fò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún èèpo ju fún ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní lọ.

Alábòójútó ń wo apá mi. Ó bi ọ̀gá wa léèrè, “Kí ló ṣe tíṣà yín? Ṣé eéwo ló mú un ní abíyá ni?”

Ọ̀gá mi kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ó hàn bẹ́ẹ̀. Ó na ọrùn, ó ní, “Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn, ọ̀gá. Ó wà nínú ìwé rẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé náà.”

Kò sí ohun tí ọ̀gá lè ṣe mọ́. Ó lọ ṣí àpótí irin, ó mú ìwé náà wá. Ó mọ́ tónítóní, kò dọ̀tí rárá. Alábòójútó gbé e sún mọ́ ojú, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tí mo ń yin eré kẹsàn-án. Nígbà tí eré parí, ó pè mí.

“Tíṣà, kí lẹ fi ń pa ìbọn yìí?”

“Òrí ni, ọ̀gá. Ọyẹ́ ló ń dì í, ni mo fi lọ yọ́ ọ nídìí iná.”

“Òrí!” Ó ka ohun tó wà nínú ìwé sókè fún gbogbo wa, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ka Bíbélì. Ó ní kí a máa nu ìbọn náà gbẹ. Ó ní kí a kán epo fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ọ̀rá tó bá ń dì kò gbọdọ̀ kàn án nígbà òtútù, pàápàá inú àpótí ọta, nítorí pé ìdérí kò ní lè tu èèpo, sípíríǹgì kò sì ní lè gbé òmíràn wá. Gbogbo ìyà tó jẹ mí láti ọ̀sẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀ ní ìlà mẹ́rin. Kò sọ nǹkan kan nípa abíyá.

N kò mọ ibi tí n ó gbé ojú sí. Ọ̀gá mi náà ń wo orí igi. Alábòójútó, ẹni tí a gbọ́ pé kì í rẹ́rìn-ín, bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé aago sílẹ̀. Nígbà tó tún gbé aago náà, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Aago mẹ́wàá kò tíì lù, eré ti parí. Kò tíì parí kí aago méjìlá tó lù rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe é.

Ọ̀gá tó fi aṣọ bora ní, “Ọ̀gá, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo wa la rí i.”

Alábòójútó ní, “Mo rí i. Mo sì rí ẹni tó wá ìdí rẹ̀ rí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tí ojú gbogbo ayé ń wò ó. Ọ̀dọ̀ wọn ni yóò wà.” Ó na ìwé náà sí ọ̀gá mi. “Àmọ́, ẹ lẹ èyí mọ́ ara ògiri. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ jẹ́ kí ó dọ̀tí.”

Ọ̀gá mi fi gíláàsì rẹ̀ sójú. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ọwọ́ tó le, kò bẹ̀rù pé yóò ṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ló sọ̀rọ̀ fún gbogbo wa: ó fọn fèrè rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, ó ní fèrè náà kò jẹ òrí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ní ọjọ́ Ajé, mo fi kẹrosíìnì fọ ìbọn náà, mo nu ún gbẹ, mo sì tọrọ epo ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ télọ̀ kan. Ẹ̀kán méjì. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ àti ọ̀sán di ọ̀kan náà fún un. Bàbá mi kò gbà. Ó ní ìbọn tí kò lè jẹ òrí kò tíì dàgbà.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi mí kọ́gbọ́n. Bí nǹkan tuntun bá wọ ilé yín, ẹ ka ìwé tó bá a wá kí ẹ tó tì í mọ́ àpótí. Bí ó bá ń kọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá ìtọ́jú yín gan-an ló ń ṣe é. Bí ẹ bá sì kọ òtítọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ dákun, ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó ní kí ìyá yín gúnyán.